Àtúntẹ̀ ni wọ́n ní kí n ṣe, àtúnṣe ni mo ń ṣe

Síídì àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ láti dá ṣe, mo bà á jẹ́. Iṣẹ́ wa ni ká gba orin kúrò lójú rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, ká tún un tẹ̀ sórí síídì. Orin ọgbọ̀n ló wà nínú èyí, rock and roll ìgbà ìbẹ̀rẹ̀, láti 1951 dé 1956. Mo fi kọ̀ǹpútà nù wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń nu abọ́ tí àlejò fẹ́ fi jẹun. Gbogbo ṣìì-ṣìì àti pàrà-pàrà ojú rẹ́kọ́ọ̀dù pátá ni mo gbá dànù. Oṣù kejì 2007 ló jáde, mo sì fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Ìbàdàn, kí wọ́n lè rí i pé ọmọ wọn ti kúrò nídìí ẹrù dídì.

Kò pé oṣù kan tí káàdì kan fi wọlé láti ọ̀dọ̀ oníbàárà wa kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá àgbàlagbà kan tó ti ń ra rẹ́kọ́ọ̀dù láti kékeré. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kọ síbẹ̀: "Ta ló pa onílù?"

Inú bí mi. Mo ti síídì náà bọ inú ẹ̀rọ, mo fi nǹkan ìgbọ́rọ̀ dí etí, mo ní kí n wá ohun tí màá fi dá a lóhùn. Orin kẹta ni mo dé tí ara mi fi rọ̀. Páànù bàbà tí onílù ń fi igi lù, tó yẹ kó máa dún ṣáá-ṣáá bí òjò tó ń bọ̀ lókèèrè, ti ń dún fì-fì bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti abẹ́ ìrọ̀rí. Kọ̀ǹpútà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ariwo abẹ́rẹ́ àti ariwo bàbà. Èmi tó yẹ kí n mọ̀ ọ́n, ojú ni mo fi ń wo àwòrán ohùn lójú kọ̀ǹpútà, tí mò ń yọ̀ pé ó ti tẹ́jú. Mi ò fi etí tẹ̀lé e.

Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1999 ni mo dé Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ tí mo sì rí ni kí n máa di síídì sínú páálí fún iléeṣẹ́ kékeré kan ní gúúsù ìlú náà: èèyàn mẹ́rin, yàrá méjì, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kan mo gbé páálí kọjá níwájú yàrá tí ọ̀gá wa ti ń gba ohùn kúrò lójú rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, mo sì sọ láìronú pé eré tí rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn ń sá ti pọ̀ jù. Ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀? Mo ní dùùrù tó wà nínú rẹ̀ bọ́ sáàárín ohùn méjì, kò sí dùùrù tí wọ́n ń yí bẹ́ẹ̀. Ọmọ atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Bàbá mi tún ní redio-gíráàmù nílé, kọ́bọ̀ kan ni wọ́n máa ń gbé lé apá abẹ́rẹ́ rẹ̀ kó má baà máa fò, bí wọ́n bá sì rán ẹnikẹ́ni nínú wa sí rẹ́kọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Má fọwọ́ kan ojú ẹ̀ o, etí ẹ̀ ni kó o dì mú." Bí mo ṣe kúrò nídìí páálí nìyẹn.

Òyìnbó ni ọ̀gá wa, ó fi bí ogún ọdún jù mí lọ, ó sì ní kí n máa pe òun lórúkọ. Ẹnu mi kò gbà á. Ọ̀gá ni mo ń pè é, títí ó fi bi mí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó lọ kọ ọ́ sára ife tíì rẹ̀, láìsí àmì ohùn kankan.

Ọ̀gá ka káàdì bàbá yẹn, ó rẹ́rìn-ín, kò bá mi wí. Ọ̀rọ̀ tó sọ, bí mo bá gbé e bọ́ sí èdè wa, kò ju pé àtúntẹ̀ ni iṣẹ́ wa, kì í ṣe àtúnṣe. Ó wá gbé "Rocket 88" sórí ẹ̀rọ fún mi. Oṣù kẹta 1951 ni wọ́n gba orin yẹn sílẹ̀ ní sítúdíò Sam Phillips, ní 706 Union Avenue, ìlú Memphis. Ẹgbẹ́ Ike Turner ló lù ú, Jackie Brenston ló kọ ọ́ lẹ́nu, orúkọ Brenston sì ni iléeṣẹ́ Chess ti Chicago, tó ra orin náà, tẹ̀ sójú rẹ́kọ́ọ̀dù. Àwọn kan ní òun ni rock and roll àkọ́kọ́. Àríyànjiyàn yẹn kò lè tán láé, n kò sì dá sí i. Gìtá inú rẹ̀ ni ọ̀gá fẹ́ kí n gbọ́. Ó ń kùn wùrùwùrù bí oyin tí wọ́n dé mọ́ inú agolo. Bí Sam Phillips ṣe máa ń sọ ọ́, ańpílífáyà gìtá náà ti bàjẹ́ kó tó dé sítúdíò, ojú sípíkà ti ya, kò sí àkókò láti gbé e lọ fún ẹni tó máa tún un ṣe, ni wọ́n bá ki ìwé bọ̀ ọ́, wọ́n sì ń lu orin wọn lọ. Àwọn onígìtá tó dé lẹ́yìn wọn ń fowó wá irú ohùn tó ya bẹ́ẹ̀ kiri.

Ká ní èmi ni mo jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mi, ǹ bá ti wo gìtá yẹn sàn.

Nǹkan kan náà ni gbohùngbohùn Memphis, ohùn tó ń dún padà lẹ́yìn olórin. Phillips fi ẹ̀rọ téèpù Ampex méjì ṣe é: ohùn olórin á wọ ọ̀kan, á tún gba orí èkejì wọlé padà kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ìrù gbohùngbohùn yẹn tín-ín-rín, ibi tó ti ń parẹ́ lọ ló ti ń jọ ariwo lójú ẹ̀rọ, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ ìnuhùn sì máa ń gé e. Ẹni tí kò bá gbọ́ ti àkọ́kọ́ rí kò ní mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. Yóò kàn rí i pé orin náà gbẹ. Àwọn àgbà ní mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, iyán ewùrà á lẹ́mọ. Láti ọjọ́ yẹn, ariwo tó bá fò sókè tó ń dún kà! nìkan ni mo ń mú, ọwọ́ ni mo sì fi ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Orin ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ lè gbà mí ní wákàtí mẹ́ta. Ṣìì ìsàlẹ̀ yẹn, mo fi í sílẹ̀. Etí olùgbọ́ á gbàgbé rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Wọ́n máa ń bi mí pé kí ló dé tí a kò lo téèpù tí wọ́n fi gba orin náà gan-an. A kò ní i ni. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ló ni téèpù, àwọn náà kò sì ní gbogbo rẹ̀ mọ́: iná tó jó ní Universal Studios ní Hollywood lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹfà 2008 kó ọ̀pọ̀ téèpù lọ. Ojú rẹ́kọ́ọ̀dù ni irú wa ti ń jẹun. Rẹ́kọ́ọ̀dù pàápàá sì ní ìwà tirẹ̀. Àwọn èyí tó ń yí ní ìgbà 45 ní ìṣẹ́jú kan, tí RCA Victor gbé jáde lọ́dún 1949, rọ́bà líle ni. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọwo ẹ̀kán kan àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó o. Ti 78 yàtọ̀. Shellac ni, oje tí kòkòrò kan ń sun sára igi ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n fi ń ṣe é. Kò sí ẹni tó sọ fún mi. Mo rí ìdọ̀tí kan lójú 78 tí ọ̀gá ti tọ́jú fún ọgbọ̀n ọdún, mo rẹ òwú sínú sípíríìtì, mo fi nù ún rọra. Òwú náà dúdú. Mo ní, háà, ìdọ̀tí yìí pọ̀! Mo mú òwú mìíràn. Òun náà dúdú. Ìgbà tí mo gbé rẹ́kọ́ọ̀dù náà sí ìmọ́lẹ̀ ni mo rí i pé ibi tí mò ń nù kò ní ojú ìlà mọ́, ó ń dán bí bàtà. Orin ni mo ń nù kúrò. Oje kòkòrò yẹn máa ń yọ́ nínú sípíríìtì, bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ nínú omi.

Abẹ́rẹ́ wọn kò tún dọ́gba. Ìlà 78 fẹ̀, abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ínńṣì ló ń gbà. Ti 45, bí ìdá kan ló máa ń jẹ́. Bí o bá fi abẹ́rẹ́ 45 sórí 78, yóò ṣubú sí ìsàlẹ̀ ìlà, ìdọ̀tí àádọ́ta ọdún ni yóò máa hó fún ọ. Kó tó di 1954 tí àwọn iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà fẹnu kò sí ìlànà RIAA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ibẹ̀, kálukú ló ní bí ó ṣe ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù tó sì ń fi kún tòkè nígbà tó bá ń gé rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á padà gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ṣe, kó sì ṣe òdìkejì rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn akọrin á dún bíi pé inú kànga ló wà.

Ọ̀rọ̀ òfin ńkọ́? Òun ló bí irú iléeṣẹ́ wa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, àádọ́ta ọdún ni kópíráìtì ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, láti ìparí ọdún tó jáde. Ohun tó jáde ní 1954 bọ́ sí gbangba ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2005, ti 1955 tẹ̀lé e lọ́dún kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn kan fún wa. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe síídì rock and roll di rẹpẹtẹ, títí dé èyí tí wọ́n ń tà nílé epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣuìngọ́ọ̀mù. Ìgbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2013, wọ́n sọ ọ́ di àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n òfin tuntun kò jí èyí tó ti kú. Orin tó jáde ní 1962 wà lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ti 1963, ó di ìparí 2033. Ògiri ni 1962 fún wa. Àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, bí a bá bá ara wa lọ́jà, "ṣé ó wà lẹ́yìn ògiri?" ni ìbéèrè wa.

Ògiri yẹn ni mo forí gbá lọ́dún 2008, kódà kí wọ́n tó gbé e sí 1962. Mo nílò orin kan fún síídì ọdún 1957. 45 tí a ní ti ha yánnayànna. Mo bá rí rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá kan ní ṣọ́ọ̀bù àánú, pọ́n-ùn méjì, ó mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́: olórin kan náà, orin kan náà, ohùn rẹ̀ gan-an. Mo gbà á sílẹ̀ láti ibẹ̀, iṣẹ́ sì yá. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn olórin yẹn, bí wọ́n bá ti kúrò ní iléeṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, iléeṣẹ́ tuntun á ní kí wọ́n tún orin àtijọ́ wọn kọ, kí òun náà lè ní tirẹ̀. Jerry Lee Lewis kọ tirẹ̀ ní àkọtún fún Smash, ó jáde ní 1964. Little Richard ṣe é fún Vee-Jay. Chuck Berry ṣe é fún Mercury, ó jáde ní 1967. Àkọtún irú bẹ́ẹ̀ ni èyí tí mo mú, 1964 ni wọ́n gbà á sílẹ̀, èyí túmọ̀ sí pé ohun tó ní olówó ni mo tẹ̀. Agbẹjọ́rò wọn kọ̀wé sí wa. A kó ẹgbẹ̀rún síídì padà, a fọ́ wọn, a san owó ìtanràn, ọ̀gá kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko.

Bí mo bá tẹ́tí ni, ǹ bá ti mọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, fèrè saxophone máa ń mí kó tó wọlé. Nínú àkọtún, ó wọlé geerege, bí ọmọ ilé ìwé tó ti há iṣẹ́ rẹ̀ sórí. Olórin náà kò fi gbogbo ara kọ ọ́ mọ́. Ó ti kọ ọ́ nígbà ẹgbẹ̀rún lórí ìtàgé kó tó di ọjọ́ yẹn. Ní báyìí, mo máa ń kà nọ́ńbà tí wọ́n fi nǹkan mímú họ sí àyè òfìfo tó wà láàárín orin àti lébẹ́ẹ̀lì, mo máa ń wọn gígùn orin, mo sì máa ń fi èyí tó dá mi lójú sí etí kan, èyí tí kò dá mi lójú sí èkejì, lẹ́ẹ̀kan náà.

Sìtẹ́rìò irọ́ tún wà. Mónò, ohùn kan náà fún etí méjèèjì, ni púpọ̀ jù nínú orin yìí. Lẹ́yìn 1960 àwọn iléeṣẹ́ fẹ́ tà á fún àwọn tó ra ẹ̀rọ onísípíkà méjì, wọ́n bá ju ohùn ìsàlẹ̀ sí etí kan, wọ́n ju tòkè sí èkejì. Capitol tilẹ̀ fún tiwọn lórúkọ, Duophonic. Bí o bá rí irú rẹ̀, sá fún un. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó ni àwọn èèyàn wa máa ń béèrè jù bí mo bá sọ iṣẹ́ mi fún wọn. Ohùn lè bọ́ sí gbangba kí orin má bọ́: ẹni tó kọ orin sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, MCPS, ẹgbẹ́ tó ń gba owó fún àwọn tó kọ orin, là ń san an fún, ìdá 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí a ń tà á fún oníṣọ́ọ̀bù, yálà orin mẹ́wàá ló wà nínú síídì tàbí ọgbọ̀n. Ní Amẹ́ríkà, lórí orin kọ̀ọ̀kan ni, sẹ́ǹtì 9.1 láti 2006 títí di ìparí 2022. Orin ọgbọ̀n nígbà náà, dọ́là 2.73 lórí síídì kan kó o tó tẹ ìwé pélébé inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí síídì Amẹ́ríkà fi máa ń ní orin méjìlá tàbí mẹ́rìnlá, tí tiwa fi máa ń kún dé ọgọ́rin ìṣẹ́jú. A kò tilẹ̀ láyà láti tà á lọ́hùn-ún: òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018 fún ohùn tó jáde láàárín 1947 sí 1956 ní ọdún 110.

Èmi kò gbà pé ohun tí òfin gbà wá láyè láti ṣe ló yẹ ká máa yọ̀ lé lórí. Mo bá ọ̀gá jiyàn lórí ẹ̀ títí mo fi fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2016. Orúkọ tó wà lábẹ́ àkọlé orin gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń sọ òótọ́. Nígbà tí Chuck Berry rí rẹ́kọ́ọ̀dù "Maybellene" lọ́dún 1955, ó bá orúkọ Alan Freed tó ń gbé orin sáfẹ́fẹ́ lórí rédíò, àti ti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Russ Fratto, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Freed kò kọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ọdún 1986 ni orin náà tó padà di ti Berry nìkan. Èèyàn ńlá nìyẹn o. Ta ni yóò wá bá ọmọkùnrin márùn-ún tó kọrin ẹyọ kan ṣoṣo, tí wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn?

Ọ̀kan nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní 2012. Mo ti ń wá fọ́tò ẹgbẹ́ wọn láti oṣù mẹ́ta, mo kọ̀wé sí ṣọ́ọ̀ṣì tí mo gbọ́ pé ó ń lọ ní Amẹ́ríkà. Mo kí i ní "sà" lẹ́ẹ̀mẹta kó tó ní kí n sinmi. Owó ló kọ́kọ́ béèrè, ó sì tọ̀nà. Mo sọ fún un pé òfin kò fún un ní nǹkan kan: ohùn ti bọ́ sí gbangba, orúkọ ẹni tó ni iléeṣẹ́ ló sì wà níbi tí ó yẹ kí orúkọ tirẹ̀ wà gẹ́gẹ́ bí akọrin-sílẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ogún dọ́là ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì fi ra ẹja díndín. Mo lọ bá ọ̀gá, a jà, ó sì gbà pé ká san igba pọ́n-ùn fún un lórí ìtàn tó sọ fún wa, tí a tẹ̀ sínú ìwé pélébé náà.

Ó wá kù díẹ̀ kó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní ẹ̀bẹ̀ kan ṣì wà. Lẹ́tà kan ti sọnù nínú orúkọ bàbá tí òun ń jẹ́ lójú rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn láti 1955, gbogbo ìwé àti gbogbo síídì tó ti jáde látìgbà náà ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ lè bá mi dá a padà?

Ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó. Èmi tí mo ti kọ́ pé a kì í fọwọ́ kan nǹkan! Mo ya àwòrán lébẹ́ẹ̀lì àtijọ́ náà sí ojú ewé kẹrin bó ṣe wà, àṣìṣe àti gbogbo rẹ̀, mo wá kọ orúkọ náà sí ẹ̀yìn síídì bí ẹni tó ni ín ṣe pè é fún mi, lẹ́tà lẹ́tà.

Láàárín oṣù tó jáde, lẹ́tà mẹ́ta wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó rẹ́kọ́ọ̀dù jọ, pé a ò mọ orúkọ ọkùnrin náà kọ. Ọ̀kan wá láti àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ìkọ̀wé tó wà lórí káàdì onílù ni.